Ilé Tó Ń Jẹ Tí Kì Í Yàgbẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹrù Tó Kún Ilé

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ tètè sá lọ, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àpéjọ. A ò ní fi ìjókòó yìí ṣòfò.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú ilé tó kún, tó rí rúdurùdu. Nígbà tí àwọn olùṣètò pè mí, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ bá wa bá àwọn ọ̀lẹ wí o." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Mi ò wá bá ọ̀lẹ wí. Ẹ wo àwọn tí ilé wọn kún jù láàrin wa. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n? Ẹni tó ń jí ní ìdájí, tó ń ṣiṣẹ́ dalẹ́, tó ń tọ́mọ, tí gbogbo ẹbí ń gbé ẹrù wá fún pé kó bá àwọn tọ́jú, ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló sábà máa ń kún. Wọ́n ń gbálẹ̀. Wọ́n ń nu tábìlì. Wọ́n ń ká aṣọ. Tó bá dọ̀la, ilé á tún rí bó ṣe rí lánàá. Kí ló fà á?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ má bínú. Èèyàn tó ń jẹun láàárọ̀, tó ń jẹ lọ́sàn-án, tó ń jẹ lálẹ́, tí kì í sì í yàgbẹ́, kí la máa ń ṣe fún un? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣé a máa ń sọ fún un pé kó lọ ra ṣòkòtò tó fẹ̀ sí i ni? A ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn la máa ń gbé e lọ. Bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí nìyẹn. Ẹrù ń wọlé lójoojúmọ́: èyí tí a rà, èyí tí wọ́n fún wa, èyí tí ọmọ gbé bọ̀ láti ilé ìwé, èyí tí wọ́n kàn fi kún ọjà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé pọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà jáde kò sí. Kí la wá ń ṣe? A ń ra kọ́bọ́ọ̀dù tó tóbi sí i.

Ohun tí mo bá wá síbí kò ju ìyẹn lọ. Ilé tí ẹrù kò ní ọ̀nà tó ń gbà jáde nínú rẹ̀, ìgbálẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Mo máa kọ́kọ́ sọ ohun tó ń di ọwọ́ wa mú. Mo máa sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, mo máa sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹrù ẹlòmíì, torí ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà.

Kí ló di ọwọ́ wa mú?

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò sẹ́ni tó jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ sọ yàrá òun di àká. Páálí fóònù tuntun wọlé, a ní ká tọ́jú ẹ̀ bóyá a máa ta fóònù náà lọ́jọ́ iwájú. A ta fóònù tán, páálí ṣì wà nílẹ̀. Ṣájà kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń gbaná sí. Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí àgádágodo rẹ̀ ti lọ. Ike kan wà tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, ìdérí kan sì wà tí ike tirẹ̀ ti sọnù, wọn ò sì bára wọn mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní agbẹjọ́rò tó ń bá a rojọ́. Àwa fúnra wa ni agbẹjọ́rò ọ̀hún.

Ẹjọ́ tí a máa ń rò jù ni pé, "Ó lè wúlò lọ́jọ́ kan." Ta ni kò tíì sọ ọ́ rí nínú ilé yìí? Kó nawọ́ sókè. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan fún yín. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní àdúgbò Harlem, ní ìlú New York. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Homer Collyer, àbúrò ń jẹ́ Langley. Ọmọ dókítà ni wọ́n, wọ́n sì kàwé. Homer kọ́ ìmọ̀ òfin, Langley mọ dùùrù tẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀gbọ́n fọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó rọ, kò lè dìde mọ́. Àbúrò ló ń tọ́jú rẹ̀. Langley wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìròyìn jọ. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló ń fi wọ́n ṣe, á ní ọjọ́ tí ojú ẹ̀gbọ́n òun bá là, á fẹ́ ka gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ látìgbà tí kò ti ríran.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́. Kì í ṣe ọ̀bùn ló ń ṣe é. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ló ń sọ fún un pé "ó lè wúlò lọ́jọ́ kan."

Ìwé ìròyìn kún dé òrùlé. Dùùrù 14 wà níbẹ̀. Langley lu ihò sáàárín ẹrù, ibẹ̀ ló ń rá gbà, ó sì dẹ pàkúté sójú ọ̀nà nítorí olè. Ní oṣù kẹta ọdún 1947, ẹnì kan ta ọlọ́pàá lólobó pé òkú wà nínú ilé náà. Ẹnu ọ̀nà kò ṣeé gbà, ojú fèrèsé òkè ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n rí òkú Homer. Wọn ò rí Langley. Wọ́n wá a káàkiri, wọ́n rò pé ó ti sá kúrò nílùú. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó rí i. Inú ilé yẹn kan náà ló wà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹrù tó kó jọ ló wó lù ú. Ẹ̀gbọ́n tó fọ́jú, tó ń dúró de oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ebi wà lára ohun tó pa á. Ẹrù tí wọ́n kó jáde nínú ilé yẹn lé ní 100 tọ́ọ̀nù, wọ́n sì wó ilé náà lọ́dún yẹn kan náà.

Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú yín ti dà báyẹn o. Tàwọn Collyer kọjá ti ẹrù lásán. Láti 2013 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kà á sí àìsàn tó dá dúró fúnra rẹ̀, pé kí èèyàn máà lè jọ̀wọ́ ohunkóhun, débi tí kò fi ní lè lo ibùsùn tàbí kíṣìnì rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì lọ fi tipátipá kó ilé rẹ̀ jáde nígbà tí kò sí nílé. Ìtọ́jú ló nílò. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó ń sọ pé "lọ́jọ́ kan," mo fẹ́ bi í: ọjọ́ wo? Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi í ṣe lọ́jọ́ náà? Tí ẹ bá nílò rẹ̀ tí kò sí, ṣé ó máa ṣòroó rí? Wáyà tí ẹ lè rí rà nírọ̀rùn, kò yẹ kó gba àyè lọ́wọ́ ọmọ tí kò ríbi kàwé. Irinṣẹ́ tó wọ́n, tó ṣòroó rí, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ óò fi ṣe nǹkan, ẹ tọ́jú ẹ̀. Mi ò bá yín jà.

Ẹjọ́ kejì: "Tèmi ni." Èyí jinlẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́ọ̀bù. Kọ́ọ̀bù lásán ni, wọn ò fún àwọn yòókù. Wọ́n ní kí àwọn tó ní kọ́ọ̀bù sọ iye tí wọ́n máa tà á, kí àwọn tí kò ní sọ iye tí wọ́n máa rà á. Iye tí àwọn tó fẹ́ tà ń pè tó nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tí àwọn tó fẹ́ rà fẹ́ san. Kọ́ọ̀bù kan náà! Kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ wọn rárá. Ohun tó mú un gbówó lórí kò ju pé ó ti di tiwọn lọ.

Ẹ wá wo aṣọ tó ti wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí ẹ ṣì jẹ́ wúńdíá. Ṣé ẹ ń retí pé ẹ máa fojú ọ̀tọ̀ wò ó? Ẹ ò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa fi ìbéèrè yìí tan ara yín jẹ: ká ní nǹkan yìí kì í ṣe tèmi, ká ní mo rí i lórí àtẹ lónìí, ṣé màá fowó rà á? Tí ọkàn yín bá ní "rárá" kíákíá, ẹ ti gbọ́ ìdájọ́.

Ti "owó ńlá ni mo fi rà á," mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Owó yẹn ti lọ lọ́jọ́ tí ẹ san án. Àyè tó ń gbà báyìí, àti eruku tí ẹ ń nù lórí ẹ̀, owó mìíràn ni ẹ̀ ń san lé e.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹni tó fún yín fẹ́ múnú yín dùn. Inú yín dùn, ẹ dúpẹ́, ẹ̀bùn ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kò pọn dandan kí ẹ fi àwo òdòdó tí ẹ ò fẹ́ràn ṣe ẹlẹ́wọ̀n títí ayé. Ẹ kàn máà gbé e fún ẹni tó máa gbé e padà fún ẹni tó kọ́kọ́ fún yín. Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é.

Ẹrù ẹni tó ti kú, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣì ń ṣẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ìyá rẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi ohun tí kò dùn ún kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Tó bá wá dé ibẹ̀, kó mú èyí tó ń rán an létí ìyá náà jù, kó gbé e síbi tí ojú ti ń rí i. Aṣọ kan tó wà lójú, tí ẹ ń dì mọ́ra nígbà mìíràn, ó ju àpótí ńlá tí ẹ kò ṣí wò mọ́ lọ.

Àwíjàre kan ṣì kù: "Mi ò ráyè." Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ráyè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka àsìkò tí a fi ń wá nǹkan mọ́ ọn. Àárọ̀ tí a fẹ́ jáde tí a ń wá kọ́kọ́rọ́, tí a ń pariwo mọ́ ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ibo la ti ráyè ìyẹn?

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọkàn, ká fọwọ́ kan iṣẹ́.

Àwọn ará Japan ní ètò kan tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, irú Toyota. Ìpele márùn-ún ni, 5S ni wọ́n ń pè é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni èyí tó ṣáájú. Ṣé títò ló ṣáájú? Rárá. Ṣé gbígbálẹ̀ ni? Rárá. Ṣíṣa ohun tí a kò nílò kúrò ló ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni títò, lẹ́yìn títò ni gbígbá àti nínù. Àwa ńkọ́? Ìgbálẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé. A gbá yàrá, a to pàǹtí dáadáa, a fi aṣọ bò ó, a ní a ti tún ilé ṣe. Pàǹtí tí a tò, pàǹtí náà ni.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: ẹ má kọ́kọ́ ra nǹkan ìkó-ẹrù-sí. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni. Àwọn agbọ̀n ẹlẹ́wà wọ̀nyẹn, àwọn ike aláràbarà tí wọ́n to lé ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rà á. Ẹ ò tíì mọ iye ẹrù tó máa ṣẹ́ kù. Láàrin 2001 sí 2005, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì kan ní Los Angeles lọ wo ilé ìdílé 32 tí ọkọ àtìyàwó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ka ẹrù. Nínú àwọn ilé ìgbọ́kọ̀sí tó wà níbẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ọkọ̀ kò lè wọ̀ mọ́. Ẹrù ló wà nínú wọn. Ọkọ̀ tó gbówó lórí wà níta lójú òjò, àlòkù wà lábẹ́ òrùlé. Àyè tí ẹ bá fún ẹrù, ó máa gbà á tán.

Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti gbogbo ilé. Ẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kan. Ẹ mú dúrọ́ọ̀ kan. Ẹ fà á yọ, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí tábìlì, ẹ nu dúrọ́ọ̀ náà kó mọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí ìyẹn ṣe. Nígbà tí ẹrù ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ìbéèrè tí ẹ ń bi ara yín ni pé, "Kí ni kí n jù nù?" Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Nígbà tó ti wà lórí tábìlì, tí dúrọ́ọ̀ ṣófo, ìbéèrè ti yí padà: "Kí ló yẹ kó padà wọlé?" Ẹrù ló wá ń rojọ́ báyìí, ẹ̀yin sì ni adájọ́.

Ẹ kó irú kan náà pa pọ̀ kí ẹ tó dájọ́. Ìgbà tí àwọn àlùmọ́gàjí tó wà ní yàrá, ní kíṣìnì, àti lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bá pàdé lójú kan ni ẹ máa tó mọ̀ pé àlùmọ́gàjí kò wọ́n yín, pé ẹ kàn ń rà á lárààrà ni torí ẹ ò rí èyí tó wà nílẹ̀.

Tí ẹ bá ti ṣa ẹrù tán, ó kù ká tò ó, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà sì nìyí. A máa ń to nǹkan síbi tó bá ojú mu, a kì í tò ó síbi tí ọwọ́ ti ń lò ó. Ẹ wo òkìtì tó wà nílé yín. Ẹ má tíì tú u ká. Ẹ bi í léèrè. Kí ló dé tí bàtà fi máa ń kó jọ sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, nígbà tí ibi tí ẹ ní kí wọ́n máa kó o sí wà ní yàrá ẹ̀yìn? Torí pé ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ ti ń bọ́ bàtà ni. Ẹ lè pariwo títí ọdún á fi yípo. Ẹ gbé pẹpẹ bàtà síbẹ̀, ìjà parí. Kí ló dé tí lẹ́tà àti rìsíìtì fi máa ń wà lórí tábìlì ìjẹun? Torí pé ibẹ̀ lẹ ti ń já a. Ẹ fi agbọ̀n kan síbẹ̀, kí ẹ sì máa tú agbọ̀n náà. Òkìtì máa ń sọ òótọ́ nípa bí a ṣe ń gbé nílé. Ètò tí kò bá gbọ́ ohun tó ń sọ, kò ní pẹ́ dàrú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹni tó ní kí ọmọ máa palẹ̀ ohun ìṣeré rẹ̀ mọ́, tó wá gbé àpótí rẹ̀ sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ kò tó, kí ló fẹ́ kí ọmọ ṣe? Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, kó wà láàrin ìbàdí àti ojú. Ohun tó wúwo, kó wà nílẹ̀. Ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kó lọ sókè.

Tábìlì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní yunifásítì Princeton fi hàn pé tí nǹkan púpọ̀ bá wà níwájú ojú lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ni wọ́n máa ń bára wọn du àkíyèsí nínú ọpọlọ. Ẹ lè máà wò wọ́n, ọpọlọ ń rí wọn. Ẹni tó bá ní ìdánwò tàbí ìṣirò owó níwájú, kó kó gbogbo ohun tí kò kan iṣẹ́ náà kúrò lórí tábìlì. Kó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pàápàá, ó sàn.

Ti aṣọ, ẹ̀tàn kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ yí ẹnu gbogbo háńgà inú wọ́dúróòbù kọjú sẹ́yìn. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀, tí ẹ fọ̀, tí ẹ gbé padà, ẹ yí ẹnu tirẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ lọ wo èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sẹ́yìn. Kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ti ìwé, ẹ gbọ́ èyí tí kò gbọ́dọ̀ sọnù: ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, ìwé ilẹ̀ àti ilé, ìwé owó orí, ìwé ìlera. Ẹ kó wọn sójú kan, nínú nǹkan tí omi kò lè wọ̀, kí ẹlòmíì nílé sì mọ ibẹ̀. Èyí tó kù, ẹ fi fóònù ya púpọ̀ nínú wọn. Ìwé tí nọ́ńbà àkáǹtì yín wà lára rẹ̀, ẹ ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ẹ tó dà á nù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó lè pani, torí nínú kọ̀rọ̀ tó dọ̀tí ló máa ń wà. Oògùn àtijọ́: ẹ ka ọjọ́ tó wà lára ẹ̀, èyí tó ti kọjá, ẹ dá a padà fún àwọn apòògùn tó bá ń gbà á. Ẹ má kó oògùn sí balùwẹ̀ rárá, ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ń bà á jẹ́. Bátìrì kékeré roboto bíi bọ́tìnì, irú èyí tó ń wà nínú aago àti rìmóòtù: tí ọmọ bá gbé e mì tó há sí i lọ́nà ọ̀fun, ó lè jó ibẹ̀ láàrin wákàtí méjì péré. Ẹ má jẹ́ kó máa yí kiri nínú dúrọ́ọ̀. Fóònù àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti wú, ẹ má gún un, ẹ má jù ú sínú pàǹtí, ó lè gbiná. Àwọn kẹ́míkà tó wà lábẹ́ síńkì ńkọ́? Ẹ má da ajẹkù wọn pọ̀ sínú ìgò kan kí àyè lè yọ. Bílíìṣì tó bá pàdé ohun tó ní ásíìdì tàbí amóníà ń mú èéfín olóró jáde.

Àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ o, àti àtẹ̀gùn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé èèyàn tó tó 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, àwọn tó ti lé lẹ́ni 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Tí àgbàlagbà bá wà nílé yín, ọ̀nà tó ń gbà lọ tọ̀ lóru ni kí ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Ẹ fi wọ́dúróòbù sílẹ̀ ná. Kápẹ́ẹ̀tì tó ká létí, wáyà tó na ìbú ilẹ̀, páálí tó wà lórí àtẹ̀gùn, ẹ kó wọn kúrò lálẹ́ òní.

Ẹrù tí kì í ṣe tèmi

Ibi ìjà nìyí. Èèyàn á gbọ́ ọ̀rọ̀ bí irú èyí, á délé, á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù ọkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Mi ò ní kí ẹ máa rò ó o, mo ní ẹ má ṣe é. Ẹrù tí ẹ bá jù nù láìsọ fún ẹni tó ni ín, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa fi ẹrù pa mọ́ fún yín nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, ó máa di í mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣe tiyín níṣojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí àyè tó ṣí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ á máa wò ó.

Mo sì fẹ́ bá àwọn ọkọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fara balẹ̀. Nínú àwọn ìdílé Los Angeles tí mo dárúkọ yẹn, wọ́n tún wo èròjà inú ara tó ń ga nígbà tí ìdààmú bá wà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn ìyàwó tó ń sọ̀rọ̀ ilé wọn bí ibi tó rí rúdurùdu, tí iṣẹ́ kì í parí níbẹ̀, èròjà yẹn kì í lọ sílẹ̀ lára wọn bó ṣe yẹ kó máa lọ sílẹ̀ títí di alẹ́. Ilé kan náà ni gbogbo wọn jọ ń gbé o. Ara ta ló ń jìyà rẹ̀? Ẹni tí gbogbo ilé gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nílé, ilé yẹn kò tíì ní ètò. Orí ẹnì kan ni wọ́n fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú àpótí sára àpótí, kí ẹnikẹ́ni lè mú un, kó sì lè dá a padà.

Ti àwọn òbí tó ti dàgbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ ò lè fi ìkanra wọ yàrá bàbá yín. Ẹ jókòó tì í, ẹ mú nǹkan kan, ẹ ní, "Bàbá, níbo lẹ ti rí èyí?" Ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìtàn ni wọn ò fẹ́ kó sọnù, ẹrù kàn ń bá wọn gbé e ni. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tí ẹ gba ohùn wọn, wọ́n á sọ fún yín fúnra wọn ẹni tó yẹ kí ẹ gbé e fún. Lórílẹ̀-èdè Sweden, àwọn àgbà kan máa ń ṣe é fúnra wọn nígbà tí ara ṣì le, kí ó má bàa di wàhálà fún àwọn ọmọ. Mo gbà pé ó dáa. Mo sì gbà pé ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa pàṣẹ ẹ̀ fún òbí.

Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà jáde

Mo ti fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Alága ti ń wo aago.

Ẹ wá ibì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ẹ fi àpò tàbí agbọ̀n kan síbẹ̀, kó má kúrò níbẹ̀ láéláé. Ohun tí ẹ bá pinnu pé ó ń lọ, inú rẹ̀ ni kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan tí agbọ̀n náà ń jáde, yálà ó kún tàbí kò kún. Láìsí ọjọ́ yẹn, agbọ̀n ọ̀hún á di ẹrù tuntun, mo ti rí i nílé ọ̀pọ̀ èèyàn: àpò márùn-ún lójú kan, gbogbo wọn ni "wọ́n fẹ́ fún èèyàn." Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ fún èèyàn, kó jẹ́ ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàtà tó ti já, ẹ̀rọ tó ti jóná, ẹ kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore pẹ̀lú rẹ̀, wàhálà dídà á nù lẹ gbé lé e lórí.

Tí ohun tuntun kan bá wọlé, kí irú rẹ̀ kan jáde. Èyí kò ní àlàyé púpọ̀.

Èyí tí ọkàn yín pín sí méjì lórí rẹ̀ ńkọ́? Tí ẹ kò lè jù nù, tí ẹ kò sì lè sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ? Ẹ kó gbogbo wọn sínú páálí kan. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ oṣù mẹ́fà sí i sára rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí kò dí ọ̀nà. Tí ẹ bá nílò nǹkan kan nínú rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lọ mú un, ó ti gba ipò rẹ̀ padà nínú ilé. Ọjọ́ pé, ẹ ò ṣí i? Ẹ gbé páálí náà jáde bó ṣe wà. Ẹ má tú u wò. Ẹni tó bá tú u wò, á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ilẹ̀ á sì ṣú bá a nídìí páálí.

Wọ́n ti fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ fún mi pé àkókò ti tó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, makirofóònù wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó wà lápá ọ̀tún yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè bí ilé mi ṣe rí. Ẹ ṣeun púpọ̀.